Àmáánà Ni Ara: Bí Mùsùlùmí Ṣe Ń Ṣọ́ Ìlera Rẹ̀ ní Ìgbà Ọ̀gìnìntìn

Kútúbà Jímọ̀ láti ẹnu Igbákejì Lèmọ́mù

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá òru àti ọ̀sán, tó dá ooru àti òtútù, tó ń yí ìgbà padà bó ṣe wù Ú. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Mo jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí lódodo àyàfi Ọlọ́hun ọ̀kan ṣoṣo. Mo sì jẹ́rìí pé Ànọ́bì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi níyànjú, mo sì ń gbà yín níyànjú, pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba.

Ìgbà ọ̀gìnìntìn ti dé bá wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ní ìlú London, nígbà tí oṣù Kejìlá òyìnbó bá ń parí lọ, oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ fi kọjá, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ojúmọmọ kò pé wákàtí 8. Ìrun Àìlà, Àlàásárì àti Mọ̀ǹgáríbì ń lé ara wọn láàrin nǹkan bíi wákàtí 4 péré. Ẹni tó ń jáde lọ kírun Àsùbáà, inú òkùnkùn ló ń rìn. Ẹni tó ń ti ìrun Iṣáì bọ̀, inú òkùnkùn náà ni. Púpọ̀ nínú wa dàgbà sí ilẹ̀ tí òtútù kò ju ọyẹ́ lọ, ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè tó sì ń la àtẹ́lẹsẹ̀. Òtútù ti ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Ó ń sọ omi ilẹ̀ di yìnyín, ó sì ń gbé ènìyàn ṣubú láì pariwo.

Àwọn baba wa ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ̀sìn wa tún gbé ọ̀rọ̀ náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ: ara tí a gbé wọ̀ yìí kì í ṣe dúkìá wa, àmáánà Ọlọ́hun ni lọ́wọ́ wa. Nínú hadíìsì tí Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Barzah, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé lára ohun tí a ó bi ẹrú léèrè ní ọjọ́ ìgbéǹde ni ara rẹ̀, kí ló lò ó fún títí ó fi gbó. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi mọ́tò sí níkàwọ́ kò jẹ́ wà á wọ inú kòtò, kó wá máa sọ fún olóhun pé kádàrá ni. Báwo ni a ó ṣe wá sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹni tó ni ara wa?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí òtútù bá dé, ọ̀nà méjì ni púpọ̀ nínú wa ń gbà ba àmáánà yìí jẹ́. Àwọn kan ń fi ìgboyà tí kò ní ìmọ̀ nínú jáde: sálúbàtà lẹ́sẹ̀, jalàbíà fẹ́lẹ́ lára, yìnyín lórí ilẹ̀. Wọ́n á ní ilé Ọlọ́hun ni àwọn ń lọ, Ọlọ́hun yóò ṣọ́ àwọn. Àwọn kejì a ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta. Láti orí ibùsùn sí orí àga, láti orí àga sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, títí orúnkún yóò fi le gbagidi, tí ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa ru. Ẹni àkọ́kọ́ ń pe àìbìkítà ní ìgbáralé Ọlọ́hun. Ẹni kejì ń pe ìmẹ́lẹ́ ní ìṣọ́ra. Ọ̀nà ẹ̀sìn wa wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ọkùnrin kan bi Ànọ́bì bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ ní títú kí òun gbára lé E. Èsì tí Ànọ́bì fún un ni pé kó kọ́kọ́ so ó, lẹ́yìn náà kó gbára lé Ọlọ́hun. Tirmidhi ló gbà á wá. Bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, òun ni okùn ràkúnmí tiwa ní ìgbà ọ̀gìnìntìn.

Ẹ jẹ́ kí á tún gbọ́ ìtàn sàábé ńlá nì, Amr ọmọ Al-As (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Nígbà ogun Dhat as-Salasil, òru òtútù líle kan bá a nígbà tí ìwẹ̀ jánábà di dandan fún un. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá fi omi tútù náà wẹ̀, ó lè já sí ikú. Ó ṣe tayámúmù, ó sì síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kírun Àsùbáà. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Ànọ́bì, ó bi í léèrè. Amr ṣàlàyé pé òun rántí Súrà An-Nisa, áyà 29, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti pa ara wa. Ànọ́bì rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Abu Dawud ló gbà á wá. Ẹ wo bí òye sàábé yìí ti jinlẹ̀ tó. Ó mọ̀ pé òfin tó ní kí á má pa ara wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ idà àti májèlé nìkan. Omi tútù tó lè gba ẹ̀mí ẹni wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn yìí ṣe àwáwí. Ẹni tó bá ní ọ̀nà láti mú omi rẹ̀ gbóná kò ní àyè láti ṣe tayámúmù nítorí òtútù. Kó jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́wọ́, kó ṣe àlùwàlá tó pé, kó sì nu ara rẹ̀ gbẹ dáadáa kó tó bọ́ sí ìta. Àánú mìíràn ni fífi ọwọ́ tútù pa orí húfù, ìyẹn ìbọ̀sẹ̀ awọ. Ẹni tó wọ̀ ọ́ nígbà tí àlùwàlá wà lára rẹ̀ kò ní láti bọ́ ọ nígbà tó bá ń tún àlùwàlá ṣe. Nínú hadíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Sayyidina Ali, ọ̀sán kan àti òru rẹ̀ ni ti onílé, ọjọ́ mẹ́ta ni ti arìnrìn-àjò. Ní ti ìbọ̀sẹ̀ aláṣọ, ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ẹ bi àáfà yín léèrè kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Abdullah ọmọ Umar pe ìrun ní òru kan tó tutù tí ìjì sì ń jà, ó sì kéde pé kí àwọn ènìyàn kírun ní ibùgbé wọn. Ó ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni Ànọ́bì máa ń pa á láṣẹ fún làdáánì nígbà tí òru bá tutù tí òjò sì ń rọ̀. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Nítorí náà, bí ẹ bá jí fún Àsùbáà tí ẹ rí i pé yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yín, ẹ kírun nílé. Ìyẹn kì í ṣe àìlera ìgbàgbọ́. Ànọ́bì ti fún wa ní ìró ìdùnnú, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ṣe gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Musa, pé ẹni tí àìsàn tàbí ìrìn-àjò bá dá dúró, a ó máa kọ ẹ̀san iṣẹ́ tó máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le sílẹ̀ fún un.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà tó ṣubú lórí yìnyín a máa wo ẹ̀yìn lóòótọ́: a máa wo ìgbà tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọjà, tó ń fi orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun láìsí ìrora. Egungun ìbàdí tó bá kán lára àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ abẹ ni, ọ̀pọ̀ oṣù lórí ọ̀pá ni, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìrun kan nínú ilé sàn ju ọdún kan lórí ibùsùn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí a yọ̀ǹda fún láti kírun nílé, a kò yọ̀ǹda fún un láti di òkúta nílé. Ànọ́bì kọ́ wa, nínú ohun tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah, pé onígbàgbọ́ tó lágbára ni Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ju onígbàgbọ́ tó lẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Ó tún kọ́ wa pé oríkèé 360 ni Ọlọ́hun dá sí ara ọmọ ènìyàn, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló sì ní sàárà tirẹ̀ lójoojúmọ́. Báwo ni oríkèé tí a kò jẹ́ kó mira ṣe fẹ́ san sàárà? Ànọ́bì fúnra rẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀, Aisha, ìyá àwọn onígbàgbọ́, sá eré ìje, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Abu Dawud.

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ yìí gba àgbàlagbà níyànjú láti máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún ti ṣe é pé. Wọ́n ní kí á tún ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí àwọn àgbà sì máa kọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọn yóò ṣe dúró ṣinṣin. Kò gba owó. Ẹ dìde lórí àga kí ẹ sì tún jókòó nígbà mẹ́wàá láì fi ọwọ́ ti ara yín. Ẹ di etí tábìlì ìdáná mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìwọ̀nba ìgbà, kí ẹ tún fi ìkejì ṣe é. Ẹ jáde rìn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, bóyá ṣaájú Àìlà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìrun wa ń tú oríkèé sílẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, àmọ́ ìjọsìn ni a fi í ṣe. A kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di gbogbo ìrìn tí ara wa ń rìn láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin àti gbogbo mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú jùlọ.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tó ni í tọ́jú. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ìmọ̀ tí a kò bá lò, ẹrù ni. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilé, kí á gbé e sí ojú ọ̀nà, kí á sì mú un dé ọ̀dọ̀ ọmọnìkejì wa.

Ní ti aṣọ, Ọlọ́hun ka ìmóoru tí a ń rí lára ẹran ọ̀sìn mọ́ àwọn ìdẹ̀ra Rẹ̀ nínú Súrà An-Nahl, áyà 5. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mélòó kan lé ara wọn ju kí ẹ wọ ẹyọ kan tó wúwo lọ. Ẹ bo orí, ẹ bo ọwọ́. Ẹ ká etí agbádá, ìró àti jilbáàbù tó ń wọ́ ilẹ̀ sókè, nítorí àtẹ̀gùn kì í mọ aṣọ iyì. Lórí yìnyín, ẹ gbé ẹsẹ̀ ní kéékèèké, ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má kó ọwọ́ sínú àpò. Nínú mọ́sálásí yìí pàápàá, ẹ jókòó fọ ẹsẹ̀ níbi àlùwàlá, ẹ nu ún gbẹ kí ẹ tó rìn lórí ilẹ̀ dídán, ẹ sì jókòó tàbí kí ẹ di nǹkan mú nígbà tí ẹ bá ń bọ́ bàtà. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó dúró, kó kírun lórí ìjókòó. Ànọ́bì yọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ fún Imran ọmọ Husayn.

Ní ti ilé, àwọn oníṣègùn ní kí yàrá tí àgbà tàbí aláìsàn ń gbé má tutù ju ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Owó iná wọ́n, a mọ̀. Bí gbogbo ilé kò bá ṣeé mú gbóná, ẹ mú yàrá kan gbóná kí ẹ jọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá èédú nínú ilé láé, ẹ má sì gbé àdògán wọ yàrá. Èéfín tí a kò fojú rí, tí kò ní òórùn, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ilé kan jóná mọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lórí ní Madinah ní òru, Ànọ́bì sì kìlọ̀ pé ọ̀tá wa ni iná, kí á máa pa á kí á tó sùn. Bukhari àti Muslim gbà á wá. Ẹ gbé hítà jìnnà sí aṣọ, sí kọ́tìnnì àti sí ẹní ìrun. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí afẹ́fẹ́ olóró bá wọlé.

Ní ti oògùn, Ànọ́bì pàṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn ilẹ̀ yìí kò ní agbára tí awọ ara lè fi ṣe fítámì D, tó ń mú egungun àti iṣan le. Àwa aláwọ̀ dúdú, àti àwọn ìyá wa tó ń bo ara wọn, ni èyí kàn jù. NHS ní kí gbogbo ènìyàn ro ti lílo máíkrógíráàmù 10 lójúmọ́ ní àkókò yìí, kí irú àwa sì ro ti lílò rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ẹ ka ara ike rẹ̀ bóyá ó ní jẹlátìnì ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tí kò ní in wà. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, aboyún, àti ẹni tó ní àrùn bí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée ní ẹ̀tọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ń fín sí ọmọdé nímú ní jẹlátìnì ẹlẹ́dẹ̀ nínú, àmọ́ òbí lè béèrè abẹ́rẹ́ tí kò ní in. Òtútù ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Kí onítọ̀hún má fo oògùn rẹ̀ rárá. Ó tún ń ta àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru, kó sì máa mu omi púpọ̀. Bí ojú ẹnìkan bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá rẹ̀ rọ, tí ahọ́n rẹ̀ lọ́, tàbí tí àyà ń fún un, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́: 999 ni kí ẹ pè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, ẹ mú ara yín gbóná kí ẹ tó sáré, nítorí iṣan tó tutù kì í pẹ́ fà ya. Agbára yín náà, àmáánà ni. Ànọ́bì ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ àwọn ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Yìnyín jẹ́ ohun ìnira. Ẹni tó bá da iyọ̀ sí àtẹ̀gùn mọ́sálásí yìí kí a tó pe Àsùbáà, tó tún da á sí iwájú ilé aládùúgbò rẹ̀, ìbá à jẹ́ mùsùlùmí, ìbá à má jẹ́, sàárà ló ṣe. Mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan mú àgbà kan lónìí kó tó kúrò níbí, kó gba nọ́ńbà rẹ̀, kó máa mú un lọ́wọ́ wá sí Jímọ̀, kó sì máa pè é ní ọjọ́ tí òtútù bá le.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn ìyá tí a pè wá láti Ìbàdàn, láti Èkó, láti Ìlọrin, pé kí wọ́n wá bá wa gbé ọmọ jó. A lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, a padà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, ìyá wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ jòjòló, kò rí oòrùn, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbé wá láti ilé sì ti ń tán lọ. Kò ní sọ fún wa, nítorí kò fẹ́ da ọmọ rẹ̀ láàmú. Ẹ bi í léèrè nípa oògùn rẹ̀ lónìí, kí ẹ mú un lọ bá dókítà kó tó tán. Ẹ ra bàtà òtútù fún un kí ẹ tó ra ẹ̀bùn tí yóò gbé lọ sílé. Ẹ mú un jáde ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ mú un wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí. Ìyá tó wá gbé ọmọ wa dàgbà, àmáánà ni lọ́wọ́ wa.

Ìwọ Ọlọ́hun, fún wa ní àlàáfíà nínú ara wa, nínú ìgbọ́rọ̀ wa àti nínú ìríran wa. Má ṣe jẹ́ kí á fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà ilé Rẹ. Wo àwọn aláìsàn wa sàn, tu àwọn tó dá wà nínú, fi ilé móoru ta àwọn tí kò ní ibùgbé lọ́rẹ. Jẹ́ kí òru gígùn yìí jẹ́ òru àdúà fún wa, kí ọ̀sán kúkúrú yìí jẹ́ ọ̀sán ààwẹ̀ fún ẹni tó bá lágbára. Dáàbò bo àwọn òbí wa nílé àti lẹ́yìn odi. Mú wa la ìgbà ọ̀gìnìntìn yìí já pẹ̀lú ara líle àti ìgbàgbọ́ pípé. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ rántí Ọlọ́hun, Òun náà yóò rántí yín. Ẹ dìde kí á kírun.